Oríkèé páìpù AC tó kọ̀ tí kò tú: ẹ̀gbẹ́ wo lẹ lè yááfì?

Ẹni tó kọ̀wé sí mi lọ́tẹ̀ yìí sọ pé òkúta ta lójú ọ̀nà, ó sì dá ihò sí condenser ọkọ̀ òun, ìyẹn àwọ̀n páìpù tó wà níwájú ọkọ̀, tó ń mú gáàsì AC tutù kó lè di omi. Ó ti ra tuntun, ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ó sì tún fẹ́ yọ páìpù tóóró tó ti condenser lọ bá evaporator (èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tutù), kó lè fọ inú rẹ̀. Ibi méjì ló ti há. Níwájú, nọ́ọ̀tì tó so páìpù mọ́ condenser: bó bá ti fi sípánà yí i, páìpù á máa bá a yí. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí páìpù ti wọlé lọ bá evaporator, oríkèé onísípíríǹgì ló wà níbẹ̀: irinṣẹ́ oníke tó rà láti fi tú u ti kán mọ́ ọn lọ́wọ́, oríkèé ò sì mira. Ó ti fín epo sí méjèèjì. Ó wá béèrè pé: “Ọ̀gá, ṣé kí n kúkú fi iná yọ́ ọ díẹ̀? Gáàsì ti tán nínú rẹ̀ tipẹ́, torí AC náà ò tutù mọ́.”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa sípánà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ iná kúrò nílẹ̀. Ẹ má fi iná sí i. Ìdí rẹ̀ pọ̀, ẹ ó sì rí i pé ọ̀kan nínú wọn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ewu. Ó kàn jẹ́ pé iná yẹn á tún fún nọ́ọ̀tì náà pọ̀ ni.

Ká mú ti gáàsì ṣáájú. Pé AC ò tutù mọ́ kò fi hàn pé inú rẹ̀ ti ṣófo. Gáàsì lè dín kù débi pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kí ìyókù sì jókòó sínú páìpù, kó máa dúró de ẹni tó máa tú u. Bí ẹ bá tiẹ̀ so géèjì tó ń wọn agbára gáàsì mọ́ ọn, ẹ lè ṣì í kà. Níwọ̀n ìgbà tí gáàsì tó ti di omi bá ṣì kù nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ooru ọjọ́ náà ni abẹ́rẹ́ géèjì ń sọ fún yín, kì í ṣe iye tó kù. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí ooru ibẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 30 ti Celsius, R-134a, gáàsì AC tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, á gbé abẹ́rẹ́ dé nǹkan bíi 97 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà náà), ìbáà jẹ́ gíráàmù 600 ló kù, ìbáà jẹ́ 200. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 lọ. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo ohun tó fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju táyà lọ, tí ẹ wá gbé ojú sún mọ́ ọn.

R-134a yìí ń hó ní ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo. Èyí túmọ̀ sí pé bí omi rẹ̀ bá ta síni lára, ara yẹn ló máa fi hó, á sì gba gbogbo ooru tó wà níbẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo tú nọ́ọ̀tì kan tí mo rò pé inú rẹ̀ ti ṣófo. Kò dún gbàmù. Ó kàn ṣe “ṣìì” lẹ́ẹ̀kan, ìka ìfábẹ̀lá mi sì funfun bí ẹfun láti orí rẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Fún bí ìṣẹ́jú kan, n kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ó dà bí ìka ẹlòmíràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìrora dé lẹ́yìn náà, awọ rẹ̀ sì bó bíi ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Ó kàn na awò ìdáàbòbò ojú sí mi, ó ní kí n rò ó wò ká ní ojú ni.

Tí iná bá wá bá gáàsì yìí pàdé, ọ̀rọ̀ á tún burú sí i. R-134a tó bá kọjá nínú iná á yí padà, hydrogen fluoride á jáde nínú rẹ̀, èyí tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. R-12 ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́ lè mú phosgene, gáàsì olóró, jáde. R-1234yf tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun lè gbiná bí iná bá kàn án, epo tó wà nínú páìpù pẹ̀lú gáàsì náà sì ń jó. Alumíníọ̀mù alára kì í kìlọ̀ fúnni: irin á pọ́n kó tó yọ́, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù á yọ́ ní ìwọ̀n 660 láìjẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà lójú ọ̀sán. Ìgbà tó bá rọ̀ wọlẹ̀ bí àbẹ́là lẹ ó tó mọ̀.

Ìdí tí mo ní kò bá ewu tan nìyí. Bí ooru kan náà bá mú irin àti alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù máa ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì irin ló wà lórí ẹnu alumíníọ̀mù, ti inú á wú ju ti ìta lọ. Ẹ̀yin rò pé ẹ ń tú u, ẹ ń fún un mọ́ra ni. Ibi tí ooru ti ń ranni lọ́wọ́ ni ìgbà tó bá ń tutù padà, torí ìpẹtà tó dì mọ́ àárín wọn á ti là, á sì fa epo wọlé. Fún ìyẹn, omi tó ń hó lórí aṣọ tàbí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ti tó, lẹ́yìn tí gáàsì bá ti jáde tán.

Bí gáàsì ṣe máa jáde nìyí: ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń fà á sínú àgbá. Bó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ò lè rìn, ẹ jẹ́ kó gbé ẹ̀rọ wá. Ihò tí òkúta dá lè ti tú gbogbo rẹ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n géèjì ni kó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Títú u sí afẹ́fẹ́ lòdì sí òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. R-12 ló wà lára ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní Montreal lọ́dún 1987 nítorí bó ṣe ń ba ozone jẹ́. R-134a tó rọ́pò rẹ̀ kì í ba ozone jẹ́, àmọ́ kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó 1,430 kílò carbon dioxide láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí ẹ̀rọ bá fà á tán, ẹ má tíì kánjú. Gáàsì máa ń sá pamọ́ sínú epo. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún wo géèjì. Bó bá ti gòkè padà, kí wọ́n tún un fà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oríkèé wá kù. Ohun tí mo máa ń bi ara mi kí n tó gbé sípánà kò ju ẹyọ kan lọ: nínú àwọn tó so mọ́ra wọn yìí, èwo ni mo lè yááfì? Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè. Wọ́n á máa fi agbára kan náà fa ọ̀tún fa òsì, èyí tó bá rọ̀ jù ló máa kọ́kọ́ gbà, èyí tó rọ̀ jù ló sì sábà ń jẹ́ èyí tó wọ́n jù.

Nínú ọ̀ràn tiyín, ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Condenser ti kú. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i tó máa burú ju èyí tí òkúta ti ṣe lọ. Páìpù tóóró yẹn ṣì dára, ẹ ó sì fẹ́ dá a sí, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, ọjà ni, òmíràn wà láti rà. Evaporator wà nínú àpótí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹnu rẹ̀ bá lọ́ tàbí tó sán, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ ó tú kalẹ̀ kí ẹ tó fojú kàn án. Nítorí náà, condenser ni kó jẹ gbogbo ìyà. Páìpù lè jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Evaporator kò gbọdọ̀ mọ̀ rárá pé ẹnikẹ́ni ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀tì iwájú. Irin àti alumíníọ̀mù kì í bá ara wọn gbé ní àlàáfíà bí omi bá wà láàárín wọn, pàápàá omi tó níyọ̀. Alumíníọ̀mù ló máa ń fara gbá a: á máa jẹrà, á sì di ìyẹ̀fun funfun. Ìyẹ̀fun yìí gba àyè ju alumíníọ̀mù tó ti ara rẹ̀ jáde lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń há sáàárín bí ìgbà tí wọ́n gbá ègé igi sáàárín nǹkan méjì. Àwọn èèyàn máa ń fín epo sí iwájú nọ́ọ̀tì, níbi tí ojú wọn ti rí ìlà tó ń yí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ, pé páìpù ń bá nọ́ọ̀tì yí, fi hàn pé ẹ̀yìn ni àrùn wà, níbi tí ọrùn nọ́ọ̀tì ti di páìpù mú. Ìlà tó wà níwájú lè máà ní ìyọnu kankan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹ̀yìn yẹn títí ẹ ó fi rí ààlà àárín nọ́ọ̀tì àti páìpù, kí ẹ wá fín epo atúpẹtà sí ààlà náà, kó sùn mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ tún un fín. Ẹ fi hámà kékeré kan ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì yíká, kò-kò-kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àgbàlagbà. Ìgbọ̀nrìgbọ̀n yẹn ló ń la ọ̀nà fún epo.

Sípánà méjì ni. N kò lè tẹnu mọ́ ọn tó. Ọ̀kan á di ojú mẹ́fà tó wà lára ẹnu condenser mú, ìkejì á yí nọ́ọ̀tì. Èyí tó dára jù fún nọ́ọ̀tì ni sípánà tí wọ́n fi ń tú páìpù búrèkì, èyí tó yí nọ́ọ̀tì ká tán, àfi àlàfo kékeré tí páìpù ń gbà kọjá. Ẹ to ìdí sípánà méjèèjì kí wọ́n sún mọ́ra, débi pé ọwọ́ kan ṣoṣo lè gbá wọn mú pọ̀, kí ẹ wá fún wọn bí ẹni ń fún ẹ̀mú. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, àárín sípánà méjèèjì ni agbára bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí. Kò dé ara páìpù. Bí ẹ bá na ọ̀kan sókè tí ẹ na ìkejì sísàlẹ̀, tí ẹ wá ń fa méjèèjì, gbogbo nǹkan tó wà láàárín ló máa tẹ̀.

Ẹ fi bíírò funfun fa ìlà tínrín kan láti orí nọ́ọ̀tì kọjá sórí páìpù. Ẹ kọ́kọ́ mú nọ́ọ̀tì le díẹ̀, bí ìwọ̀n etí ìka. Ìyẹn ló sábà ń já ìpẹtà. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí i padà. Ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára ìlà yẹn. Bí ìlà bá já sí méjì, nọ́ọ̀tì ti bọ́ lọ́wọ́ páìpù, inú yín lè dùn. Bí ìlà bá wà ní títọ́ tí méjèèjì jọ ń yí, ẹ dúró, ẹ dá a padà síbi tó wà, ẹ tún fín epo. Páìpù alumíníọ̀mù lè gbà kí wọ́n yí i díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í hun jọ bí awọ ọrùn ìjàpá, ó sì parí nìyẹn.

Bó bá di ọjọ́ kejì tí kò gbọ́, ẹ gé condenser. Mo mọ̀ pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n òun ni ìmọ̀ràn tó wúlò jù tí mo ní fún yín. Ẹ fi ayùn ìgérin gé ẹnu condenser níwọ̀n ìka mẹ́rin sí ibi tí ó ti so mọ́ páìpù. Bí ẹnu rẹ̀ bá kúrú jù, ẹ gé etí condenser fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Kí ojú ibi tí ẹ gé dorí kodò, kí ẹ̀rún ayùn máa bọ́ sílẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: nọ́ọ̀tì ò ní láti yí mọ́. Ẹnu condenser ti di òmìnira, òun fúnra rẹ̀ lè yí. Ẹ fi sípánà kan di nọ́ọ̀tì mú kó má mira, páìpù náà ò sì ní mira nítorí pé nọ́ọ̀tì tó há mọ́ ọn ò mira. Ẹ fi ìkejì yí ojú mẹ́fà ẹnu condenser títí á fi bọ́ jáde nínú nọ́ọ̀tì. Ohun tó ń dà yín láàmú, pé nọ́ọ̀tì àti páìpù ti di ọ̀kan, ló wá di olùrànlọ́wọ́ yín. Nígbà tí páìpù bá ti wà lórí tábìlì, ẹ ní gbogbo àkókò láti fi omi gbígbóná àti epo tú nọ́ọ̀tì kúrò lára rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa yí fàlàlà kí ẹ tó so ó mọ́ condenser tuntun o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó lọ́ páìpù nígbà tí ẹ bá ń dè é.

Oríkèé onísípíríǹgì tẹ̀yìn yàtọ̀ pátápátá, agbára ò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Ẹnu páìpù kan ní àgò kékeré róbótó lẹ́yìn, inú àgò yìí sì ni sípíríǹgì wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n ká bí òrùka. Ẹnu páìpù kejì fẹ̀ síta bí ẹnu kàkàkí. Nígbà tí wọ́n tì wọ́n wọ ara wọn ní ilé iṣẹ́, ẹnu kàkàkí yẹn gba abẹ́ sípíríǹgì kọjá, sípíríǹgì sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó tì í mọ́bẹ̀. Bí ẹ bá ń fà á, ńṣe ni ẹnu kàkàkí ń ta mọ́ sípíríǹgì, ẹ sì ń tì í pa sí i. Iṣẹ́ irinṣẹ́ yẹn ni kó wọ inú àgò, kó la sípíríǹgì sókè, kí ẹnu kàkàkí lè rí abẹ́ rẹ̀ gbà jáde.

Irinṣẹ́ oníke tó kán yẹn kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì nílò àyè láti fẹ̀ sí, àyè yẹn sì wà nínú àgò. Ìyanrìn, epo tó ti gan àti ìyẹ̀fun funfun ló kún ibẹ̀. Tí àgò bá ti kún, kò sí irinṣẹ́ tí kò ní kán tàbí kó tẹ̀. Nítorí náà, ìmọ́tótó àgò ni mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ yìí. Bí ike tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá wà lórí oríkèé, tí wọ́n fi ń dì í mú, ẹ yọ ìyẹn kúrò ná. Ẹ fi omi inú agolo tí wọ́n fi ń fọ búrèkì fín inú àgò, kí ẹ fi wáyà tínrín tú ohun tó dì sáàárín awẹ́ sípíríǹgì, kí ẹ wá fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ ti bo ojú yín, àbí? Ohun tó ń jáde níbẹ̀ kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ tún un ṣe títí omi tó ń jáde á fi mọ́, kí ẹ tó wá fín epo sí i. Wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ tú eèrà á rí ìfun rẹ̀. Ìfun tí ẹ ń wá nìyí: awẹ́ sípíríǹgì gbọ́dọ̀ máa dán, kí ẹ sì lè fi orí wáyà gbé e sókè díẹ̀ níbikíbi yíká.

Kí ẹ tó fi irinṣẹ́ sí i, ẹ ti páìpù méjèèjì wọ ara wọn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tì í wọlé, ẹ má fà á. Èyí á gbé ẹnu kàkàkí kúrò lẹ́yìn sípíríǹgì, sípíríǹgì á wá jókòó láìsí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ lo irinṣẹ́ onírin, kí ẹ sì rí i pé ìwọ̀n rẹ̀ bá páìpù mu: 3/8, 1/2, 5/8 tàbí 3/4 íǹṣì. Èyí tó bá fi díẹ̀ tóbi jù á kàn máa yọ̀ lórí sípíríǹgì lásán. Ojú rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó kọjú sí àgò. Ẹ tì í wọ inú àgò, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ nígbà tí sípíríǹgì bá gòkè: á kọ́kọ́ le, lójijì á rọ̀, irinṣẹ́ á sì wọlé nǹkan bíi mìlímítà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ ò bá mọ ìrọ̀lẹ̀ yẹn, ẹ má tíì fa nǹkan kan, ẹ padà sídìí fífọ̀.

Fífà rẹ̀ gba èèyàn méjì. Ẹnì kan á di ẹnu evaporator mú ní ìdí, ọwọ́ rẹ̀ á fẹ̀yìn ti ara ọkọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kí ẹnu yẹn má mira lọ. Ẹ̀yin á di irinṣẹ́ mọ́ inú àgò, kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì yí páìpù síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á. O-ring, òrùka rọ́bà tó ń dí gáàsì, ló há níbẹ̀ báyìí, ooru ọdún pípẹ́ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Bó bá já, ẹ ó gbọ́ ìró kékeré bí ìgbà tí ètè bá ya kúrò lára ètè. Ẹ fà á ní títọ́. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu kàkàkí á há, evaporator ni yóò sì tẹ̀.

Tí gbogbo èyí ò bá ràn án, ọ̀nà méjì ló kù. Ẹ lè fi ìkọ́ tínrín méjì mú sípíríǹgì kúrò nínú àgò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ra sípíríǹgì tuntun. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Tàbí kí ẹ rántí ìbéèrè wa, kí ẹ yááfì páìpù: ẹ gé e níwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí oríkèé, kí ẹ̀rún má wọ evaporator. Nígbà tí páìpù gígùn ò bá sí níbẹ̀ mọ́, àyè á wà, ẹ ó rí i lójú kòrókòró, ẹ ó sì lè yí èyí tó kù bó ṣe wù yín. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ ki sukudíráfà bọ àgò láti fi gbé e. Àgò á ya, oríkèé ò sì ní dì mọ́ láé.

Ẹ tún lè bá irú kẹta pàdé lórí compressor, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀: àwo alumíníọ̀mù tí bóòtù kan ṣoṣo dì mọ́ra. Bóòtù yẹn kì í tóbi, ó sì máa ń já bí ẹ bá fi sípánà gígùn tú u. Bó bá jáde tí àwo náà ò sì kúrò, ẹ fi hámà onírọ́bà kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa yí i díẹ̀. Ẹ má fi nǹkan onírin gbé e láti àárín. Ojú méjèèjì tó pàdé níbẹ̀ ló ń dí gáàsì, ìlà kékeré tí èékánná lè mọ̀ ti tó láti máa jo.

Kí oríkèé kọ̀ọ̀kan tó pé ìṣẹ́jú kan ní ṣíṣí, ẹ ti dí ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá àti rọ́bà. Epo PAG tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ ṣe ń fà á. Ní ti O-ring, ẹ má lo ti àtijọ́ padà, bó ti wù kó dán tó. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún gáàsì yín, kí ẹ fi epo tó bá a mu pa á lára. Ẹ pààrọ̀ drier náà, èyí tó ń fa omi kúrò nínú gáàsì. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ oníná ni, compressor rẹ̀ ní epo tirẹ̀ tí kì í gbé iná, ẹ má fi PAG sí i rárá, ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà tó ní àwọ̀ ọsàn. Ẹ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó kéré tán fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ pa á, kí ẹ wo bóyá géèjì á dúró. Gáàsì tuntun, orí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n; iye gíráàmù àti irú gáàsì wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀, lálẹ́ òní mo máa fín epo sí ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì, mo máa fọ àgò lẹ́ẹ̀kan, mo máa lọ sùn. Lọ́la, ẹ̀yìn ni mo máa bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ṣì le tí sùúrù sì pọ̀, torí ibẹ̀ ni evaporator wà. Iwájú á kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ayùn lé condenser yẹn, ẹ yọ tuntun kúrò nínú páálí rẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kú, kí ẹ wo ẹnu méjèèjì àti ibi tí wọ́n ti ń dè é. Mo mọ ẹnì kan tó gé ti àtijọ́ tán kó tó rí i pé ti ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n tà fún òun.